Nígbà tí àdúrà bá gbẹ mọ́ olùtọ́jú aláìsàn lẹ́nu

Ìyá Àwọn Ọmọ, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí gbogbo yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti oṣù kẹta ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti da ọkọ mi dùbúlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀: ó mọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ mìíràn ni yóò jáde, tàbí kí ó kàn máa wò mí kí omi máa dà lójú rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń ṣe. Òun ni a fi ń jẹun tí a sì fi ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mẹ́ta, nítorí pé owó oṣù tèmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju ohun tí a fi ń kún un lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, obìnrin kan wá gba aṣọ léèsì tí ó gbé fún un láti rán fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọkọ mi ti gé apá kan, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ó kù láti gé. Mo ká a fún obìnrin náà, mo sì tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo wọlé padà, mo rí i lójú ọkọ mi pé ó gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi ní àdúrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni èmi àti ọkọ mi máa ń jí kọrin, tí a ó ka Bíbélì, tí a ó sì fi ọjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ní báyìí, bí mo bá kúnlẹ̀, n kì í mọ ohun tí mo lè sọ. Mo lè ka Orin Dáfídì kan láti òkè dé ilẹ̀ kí n má mọ ohun tí mo kà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń wá sí mi lẹ́nu ni "Kí ló dé, Olúwa?", ẹ̀rù sì ń bà mí pé ìbéèrè yẹn lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn ará ìjọ ń wá kí wa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn kan nínú wọn ń gún mi lọ́kàn. Ọ̀kan ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé lójú mi mọ́, nítorí pé ẹkún ń lé ìgbàgbọ́ sá. Òmíràn ní kí a wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ó ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà. Àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún ní kí a kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ògo ìwòsàn lè jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan. N kò dá oògùn dúró, ṣùgbọ́n bí mo bá jí lóru láti yí ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀rọ̀ wọn ni ó máa ń padà wá bá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá, báwo ni ẹ ṣe rí okun gbà nínú ìgbàgbọ́ nígbà tí àdúrà fúnra rẹ̀ ti gbẹ? Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n máa gbàdúrà. Bí ènìyàn ṣe ń ṣe é nígbà tí kò sí agbára ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi.

Díákónì, Ìbàdàn

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Olúwa yóò gbé ọ̀gá dìde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí ó ń dẹ́rù bà yín. "Kí ló dé, Olúwa?" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àdúrà ni, àwọn ẹni mímọ́ sì ti gbà á ṣáájú yín. Ẹ ṣí Orin Dáfídì 13, ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: yóò ti pẹ́ tó tí Olúwa yóò gbàgbé òun? Ìkejìlélógún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbe ẹni tí ó rò pé Ọlọ́run ti kọ òun sílẹ̀, igbe yẹn gan-an sì ni Jésù ké lórí àgbélébùú. Ìkejìdínláàádọ́rùn-ún tilẹ̀ wà tí ó parí sínú òkùnkùn láìsí ọpẹ́ kankan ní ìparí rẹ̀, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, a kì bá tí kó o sínú ìwé tí a fi ń kọ́ ìjọ ní àdúrà. Ẹni tí ó ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run kì í dúró bi í léèrè ohunkóhun. Ẹ̀yin ṣì ń bi í, ìyẹn ni pé ẹ ṣì kọjú sí i.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù béèrè irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n rí afọ́jú kan: ta ni ó dẹ́ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀? Jésù dáhùn nínú Jòhánù orí kẹsàn-án pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ṣe dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ìgbà tí wọ́n lanu láti ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un ni wọ́n ṣìnà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sì bá wọn wí ní ìparí ìwé náà. Ní ti ẹkún, Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù dìde, síbẹ̀ ó sọkún kí ó tó dé ojú ibojì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù lọ ni Àwọn Ọba Kìíní orí kọkàndínlógún. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Kámẹ́lì dé, níbi tí ó ti rí iná tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run, ṣùgbọ́n nígbà tí Jésébẹ́lì búra láti pa á, ó sá wọ aginjù lọ, ó jókòó lábẹ́ igi, ó sì sọ fún Ọlọ́run pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ó gba ẹ̀mí òun. Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Kò bá a wí, kò ní kí ó lọ gbààwẹ̀, kò sì bi í léèrè ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà. Áńgẹ́lì fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun: àkàrà tí a dín lórí ẹyin iná àti ìgò omi kan. Ó jẹ, ó mu, ó sì tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí ó tún jẹ, nítorí pé ọ̀nà náà jìn fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun ni Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ní Hórébù, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá wa, ìgbà wo ni ẹ sùn gbẹ̀yìn?

Lákòótán, ẹ rántí ọkùnrin tí ó ní àrùn ẹ̀gbà nínú Máàkù orí kejì. Ènìyàn mẹ́rin ni ó gbé e, tí wọ́n tú òrùlé ilé nítorí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ *wọn* ni Bíbélì wí pé Jésù rí. A kò gbọ́ pé ọkùnrin orí àkéte náà sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà kan wà tí ènìyàn ń gbé ẹlòmíràn, ìgbà kan sì wà tí a ń gbé òun náà. Ẹ yan ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kì í gún yín, kí ẹ sọ fún wọn gbangba pé ẹ kò lè gbàdúrà mọ́, kí wọ́n máa bá yín gbà á. Ní tiyín, ẹ mú Orin Dáfídì kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa ka ẹsẹ kan péré sókè lójúmọ́, yálà ó wọlé tàbí kò wọlé.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo

Màmá, ẹ kú ìnira. Inú mi dùn gidigidi pé ẹ kò dá oògùn náà dúró. Mo ń bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run, ẹ má dá a dúró nítorí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, àyàfi bí dókítà tí ó kọ ọ́ bá yí i padà. Ẹni tí ó ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wà nínú ewu kí ó tún padà ní in, ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò kápá sì ni olórí ohun tí ó ń fà á. Ẹni tí ó bá ní oògùn ń gba ògo lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ó lọ ka ìtàn Ọba Hesekáyà. Ọlọ́run ti ṣèlérí ìwòsàn fún un ní ẹnu wòlíì, síbẹ̀ wòlíì kan náà ni ó ní kí wọ́n mú ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀. Ìlérí àti oògùn jọ wà nínú ìtàn kan ṣoṣo, ọba náà sì yè.

Nípa ẹkún tí ọ̀gá máa ń sun, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Àrùn yìí lè ba ibi tí ọpọlọ ti ń káwọ́ ẹkún àti ẹ̀rín jẹ́, débi pé ohun kékeré lè mú kí omi dà lójú aláìsàn láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbànújẹ́ gidi náà sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí ó ní in. Ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé méjèèjì ni ó ní ìtọ́jú.

Nípa ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ẹ máa fún un ní àyè, ẹ má máa bá a parí gbólóhùn rẹ̀ ní kíákíá, ẹ máa bi í ní ìbéèrè tí ó lè fi orí dá lóhùn, kí ẹ sì má ṣe sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́. Ohun kan wà tí mo ti fi ojú ara mi rí ní wọ́ọ̀dù tí ó sì ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọn kò lè sọ pé "mo fẹ́ omi", ṣùgbọ́n bí a bá dá orin ìjọ tí wọ́n mọ̀ láti kékeré, wọn yóò kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ kò gba ojú ọ̀nà kan náà délẹ̀ nínú ọpọlọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ sísọ wà ní apá òsì, ibẹ̀ ni àrùn náà sì kọ lù lára ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ tí ọ̀rọ̀ sì sọnù lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà, orin òwúrọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì máa ń kọ tẹ́lẹ̀, ẹ padà sí i. Ẹ jókòó níwájú rẹ̀ kí ó rí ẹnu yín, ẹ di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, kí ẹ máa fi ọwọ́ náà lu ìlù orin jẹ́jẹ́. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, ṣùgbọ́n kò ní ewu kankan.

Ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì bí kò bá lè yí ara rẹ̀, kí egbò má baà dá sí i ní ìdí àti ẹ̀yìn. Ẹ gbé e jókòó dáadáa kí ẹ tó fún un lóúnjẹ, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ físíò, ìyẹn ìdárayá tí a fi ń mú apá àti ẹsẹ̀ bọ̀ sípò, fò ó, nítorí pé àwọn oṣù ìbẹ̀rẹ̀ ni ara ń yára padà bọ̀ sípò jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtẹ̀síwájú lè máa bá a lọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìbéèrè tí Díákónì fi parí ọ̀rọ̀ Èlíjà, èmi náà ń bi yín. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tiyín pẹ̀lú.

Arábìnrin, Àkúrẹ́

Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Díákónì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi tèmi kún un. N kò fẹ́ kí a kọ́ ènìyàn láti fi ìbànújẹ́ ṣe ibùgbé. Ọmọ mi ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Nígbà tí ìrora rẹ̀ bá dé, tí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gànjọ́, ohun tí ó gbé mi ró ni ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ wa. A máa ń gbààwẹ̀, a máa ń ké sí Ọlọ́run ní ohùn rara, a máa ń kọrin títí ara yóò fi jí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo wọ ibẹ̀ láìní ìmọ̀lára kankan, tí mo kàn ń yin Ọlọ́run ní ẹnu, kí ọkàn tó tẹ̀lé e nígbà tí ó bá yá. Bí mo bá ti dúró de ìgbà tí yóò wù mí, n kì bá tí lọ. Àǹtí, ẹ sunkún bí ẹkún bá dé, ṣùgbọ́n ẹ wá nǹkan kan dúpẹ́ lé lórí lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ tàbí pé ó jẹun tán.

Díákónì, Ìbàdàn

Arábìnrin, òtítọ́ ni ẹ sọ, mo sì gbà á. Ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa ró. Ohun tí mo ń wò ni pé ìyá yìí ti ń ṣe ìṣọ́ òru tirẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ọkọ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Irú àwọn obìnrin ọjọ́ Ẹtì tí ẹ sọ yẹn ni kí ó wá sí ilé rẹ̀. Kí àwọn gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, kí wọ́n kọrin ní yàrá ọkọ rẹ̀, kí ẹnìkan nínú wọn sì máa yí i padà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kí ìyá lè sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ohun tí Arábìnrin Àkúrẹ́ sọ ní gbòǹgbò nínú ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ wa, ó sì kan ìbéèrè yìí. Ní ọdún 1918, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn lukuluku, ìyẹn ọ̀fìnkìn apani, wọ Èkó tí ó sì tàn dé àwọn ìlú Yorùbá, a ti àwọn ilé ìjọsìn àti ilé ìwé pa. Kò sí oògùn kankan ní gbogbo ayé nígbà náà tí ó lè wo àrùn yẹn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, tí Joseph Shadare àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sophia Odunlami wà nínú wọn, kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà, wọ́n sì pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Láti ara wọn àti àwọn tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ni ìsọjí ọdún 1930 ní Òkè-Ooye ní Iléṣà ti rí ilẹ̀ tẹ̀, ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti di ìlú mọ̀ọ́ká, ibẹ̀ sì ni a lè tọpa Ìjọ Àpósítélì ti Kristi dé.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyẹn kọ oògùn sílẹ̀ pátápátá, ó sì lè jẹ́ láti ibẹ̀ ni àgbà tí ó gba Ìyá Àwọn Ọmọ nímọ̀ràn ti mú tirẹ̀. Èmi kò rò pé apá yẹn ni ó yẹ kí a jogún. Ohun tí mo rí nínú ìtàn wọn ni pé nígbà tí ilẹ̀kùn ìjọ tì, wọn kò fi ẹnìkan sílẹ̀ kí ó máa dá gbàdúrà nínú ilé rẹ̀. Wọ́n kó ara wọn jọ.

Níwọ̀n bí ẹ sì ti ń gbé ní Abẹ́òkúta, ẹ rántí Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì pè é ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìyá kò mọ̀ bóyá ọmọ wà láàyè.

Ìyá Àwọn Ọmọ, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọkọ mi létí, àyàfi ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ obìnrin aláṣọ léèsì. Nígbà tí mo ka ti ọkùnrin alárùn ẹ̀gbà àti àwọn mẹ́rin tí ó gbé e, ó fi ọwọ́ òsì na ìka mẹ́rin sókè, ó ń béèrè àwọn wo ni tiwa. A jọ yàn wọ́n: èmi ń dárúkọ, òun ń mi orí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti gbà láti máa sùn sọ́dọ̀ wa ní alaalẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Ní ti orin, ó bá mi gbe ègbè lánàá, ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀ sì já gaara. N ó máa bá a lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan ṣì kù. Èyí àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún méje, máa ń bi mí lẹ́yìn àdúrà alẹ́ pé ṣé Ọlọ́run yóò wo bàbá òun sàn. Kí ni mo lè sọ tí kò ní jẹ́ irọ́, tí kò sì ní ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́?

Olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe ìlérí tí kò sí lọ́wọ́ yín, kí ẹ má sì ti ìbéèrè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé ọmọ ọdún méje mọ̀ nígbà tí àgbà bá ń yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi báyìí: "A ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó wo bàbá sàn. A kò mọ ìgbà tí ara rẹ̀ yóò yá, a kò sì mọ bí yóò ti yá tó. Ohun tí a mọ̀ ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú bàbá nínú yàrá náà, ó sì wà pẹ̀lú wa." Bí ó bá tún béèrè lọ́la, ẹ tún un sọ bákan náà. Bí ó bá ní òun ń bínú sí Ọlọ́run, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́ nínú àdúrà ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹ má tún un ṣe fún un.

Ẹ sọ fún un kedere pẹ̀lú pé kì í ṣe nítorí ohun tí òun ṣe ni bàbá fi ń ṣàìsàn. Àwọn ọmọdé máa ń rò bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá bí wọ́n bá ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ní pálọ̀. Ẹ kíyè sí èyí àgbà náà, kí ó má baà rò pé òun ni ó gbọ́dọ̀ di bàbá ilé.

Kí ẹ sì fún àbíkẹ́yìn níṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ́ ọ ní ẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó máa kọ́ bàbá rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí bàbá máa tún un sọ tẹ̀lé e bí ó bá ti lè ṣe tó.

Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo

Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹsẹ kúkúrú, ní àárọ̀ tí ara ọ̀gá bá ṣì le, kí ẹ sì dáwọ́ dúró bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.